Ta Ló Dá Aránṣọ Lóhùn?

Bọ́tìnnì ló wà nínú ike oògùn náà. Dókítà dà á sórí tábìlì irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó fi ìka tú u ká kí Ojúmitó lè rí i dáadáa. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ni, funfun tó ti ń pọ́n, kéékèèké bíi hóró oògùn gan-an.

"Oògùn ọkàn ni wọ́n kọ sára ike," dókítà wí. "Ọkàn náà ló sì pa bàbá. Ó yẹ kó máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, àmọ́ ó dà bíi pé ó ti pẹ́ tó ti lò ó kẹ́yìn."

"Ta ló gbé ike yìí wá?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀lé òkú wá. Mo ní kó bá mi mú oògùn tí bàbá ń lò wá. Kò ṣí i rárá. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó síta, ó ń sunkún."

Ojúmitó mú bọ́tìnnì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, obìnrin tí kì í gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́ títí tó fi máa lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Ojúmitó. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá ó di orúkọ, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá pàápàá ti gbàgbé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

"Nǹkan mìíràn tún wà," dókítà ní. Ó gbé apá òkú náà díẹ̀, gbogbo èjìká ló bá a dìde bíi pákó. "Wọ́n ní ìdí oúnjẹ àárọ̀ òní ló kú sí. Ọ̀sán la wà yìí. Ẹni tó kú láàárọ̀ kò lè tíì gan tó báyìí. Láti àná ni bàbá yìí ti kú."

Ojúmitó wo òkú náà láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sí ọgbẹ́, kò sí àpá. Wọ́n ti wọ ẹ̀wù tó mọ́ tónítóní fún un, àmọ́ pínnì ni wọ́n fi há ọwọ́ ẹ̀wù náà. Ó mọ ojú yẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Alága ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni, Alága náà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Nígbà tí àwọn olówó tuntun ra ilé iṣẹ́ yẹn, wọ́n gé owó ìfẹ̀yìntì kù. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn á máa tọ́jú lórí káàdì ìtọ́jú ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí òṣìṣẹ́ náà bá ṣì wà láàyè; tó bá ti kú, káàdì kú nìyẹn. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, Alága ń gbé pátákó dúró nínú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, títí àwọn aṣòfin fi ṣe òfin. Òfin náà ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì mọ́, tọkọtaya ni káàdì á máa tọ́jú, opó á sì máa lò ó lọ lẹ́yìn ikú ọkọ. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan sídìí rẹ̀, pé ẹni tó bá wà láàyè lọ́jọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ nìkan ló kàn. Àárọ̀ òní ni òfin bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má tíì kọ ọjọ́ ikú kankan sílẹ̀," Ojúmitó wí. Ó da bọ́tìnnì padà sínú ike, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀.

*

Ilé Alága kún, síbẹ̀ kẹ́kẹ́ pa níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ àtijọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà, wọ́n kọjú síra wọn, ẹnu wọn ń mì, ohùn ò jáde. Ariwo ẹ̀rọ ti jẹ etí wọn láti ìgbà èwe. Ètè ni wọ́n máa ń wò láti mọ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, ọ̀rọ̀ ò sì nílò ohùn láàárín wọn mọ́. Ìgbà tí Ojúmitó rí ọkùnrin kan tó ń da omi lójú, tó ń la ẹnu tó ń pa á dé láìsí ìró kankan, àánú wọn ṣe é débi pé ó dúró díẹ̀ kó tó wọlé.

Ìyàwó Alága jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, báńdéèjì wà lápá rẹ̀ òsì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan dúró tì í. Bàbá Onífèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń fun fèrè ilé iṣẹ́ lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ń wọṣẹ́ àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà," Ojúmitó wí. "Ìgbà wo ni bàbá kú?"

"Láàárọ̀ òní," Bàbá Onífèrè ti gba ọ̀rọ̀ náà kó tó délẹ̀. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

"Màmá ni mo bi, bàbá."

"Bó ṣe wí náà ni," obìnrin náà dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ṣé wọ́n máa ń lo oògùn ọkàn wọn?"

Ìgbà yìí ló gbójú sókè. "Kò pa á jẹ rí. Láràárọ̀, kí n tó dìde nílẹ̀, mo máa ń gbọ́ tó bá ń mi ike náà ní ilé ìdáná, ṣẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀. Ara mi á balẹ̀ pé ó ti lò ó. Èmi ló gbé káàdì fún, torí kíndìnrín mi tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi ní ọsibítù. Ó ní kí n má dààmú, pé òun á máa fi owó ìfẹ̀yìntì ra ti òun."

"Ta ló tún máa ń wọ ilé ìdáná yín?"

"Aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilé kejì. Ó máa ń wá pọn omi. Kí ló dé?"

"Kò sí o, mà," ni Ojúmitó wí. Kò mẹ́nu ba bọ́tìnnì. Ó jáde síta, ó yẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò. Àga Alága wà níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí títì nítorí oòrùn, fìlà rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

*

Aránṣọ tó ní bọ́tìnnì rẹpẹtẹ, tó sì ń wọ ilé ìdáná olóògbé. Ojúmitó fúnra rẹ̀ rò ó pé ẹjọ́ yìí ti ń rọrùn jù.

Obìnrin náà wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi tépù kọ́rùn. Ojúmitó ní kó jẹ́ kí òun rí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀, aránṣọ sì gbé agolo kan kalẹ̀. Bọ́tìnnì tuntun ni gbogbo wọn, wọ́n ń dán, oríṣiríṣi àwọ̀. Ojúmitó mú ọ̀kan nínú ti ike jáde.

"Ẹ rí irú èyí rí?"

Aránṣọ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. "Ti àtijọ́ nìyí, wọn ò tà á mọ́. Ẹ wo ihò rẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán an ṣì wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló já a lára ẹ̀wù. Ẹni náà kò sì lo àlùmọ́gàjí, ó fà á já ni."

Ojúmitó rí i pé obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì dà bí ẹni tó ń bẹ̀rù. "Ẹ̀yin àti Alága, ṣé ẹ rẹ́?"

"Ká rẹ́ báwo? Bàbá tó gbéraga yẹn?" Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. "Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ó ti kú. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti kó débí, tí mo bá ń kọjá lójú títì tí mo sì kí i, kò dá mi lóhùn rí. Á kọ ẹ̀yìn sí mi bí ẹni tí kò gbọ́. Láàárọ̀ òní ni mo tún kí i, mo ní ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní káàárọ̀, ọmọ mi. Inú mi dùn títí mo fi dé ọjà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dá mi lóhùn náà ló kú."

"Ṣé ó yíjú wò yín?"

"Kò yíjú. Ọwọ́ nìkan ló gbé. Fìlà rẹ̀ àti ẹ̀wù rẹ̀ ni mo rí."

Ojúmitó ti dìde, ṣùgbọ́n ó tún jókòó. Ó bi í bóyá ẹnì kan wá kí Alága lánàá. Aránṣọ ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sàn-án àná, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń làágùn, tó jáde tìbínú-tìbínú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi géètì gbá ara rẹ̀.

*

Ọ̀gá Káàdì ni àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sọ ọkùnrin oníkóòtù yẹn, torí òun ló kọ lẹ́tà tó sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni káàdì á máa tọ́jú. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù nini. Kò tilẹ̀ ní kí Ojúmitó jókòó.

"Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sẹ́," ó wí. "Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún wa láyè kí òfin yẹn tó mú wa. Bàbá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sorí kọ́. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo pè é títí, kò dá mi lóhùn. Ṣé èmi ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Mo bínú, mo lọ."

"Ẹ kò yí lọ síwájú rẹ̀?"

"Kí n máa yí ká nítorí rẹ̀? Mo ṣe tán láti bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ó ní ibi tó mọ."

"Adití ni," Ojúmitó wí. "Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yín ló di etí rẹ̀. Ọmọdé àdúgbò mọ̀ pé iwájú rẹ̀ ni èèyàn máa ń dúró kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé káàdì rẹ̀ ni kò mọ̀."

Ojú ọkùnrin náà yí padà, àmọ́ kò pẹ́ tó fi bọ́ sípò. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ó lè ti kú lánàá? Torí tó bá jẹ́ àná, òfin tuntun kò kàn án. Káàdì rẹ̀ parí lópin oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, a ó nílò ọjọ́ yẹn lórí ìwé."

Ojúmitó wò ó títí. Ó wù ú kí ọkùnrin yìí jẹ́ apààyàn. Ìbá dùn mọ́ ọn láti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ikú Alága jèrè jù ti sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, òótọ́ ló sì ń sọ.

Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló tò ó pọ̀. Lọ́sàn-án àná, wọ́n pe Alága láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. Bóyá ó ti kú nígbà yẹn, bóyá kò tíì kú, bákan náà ni ì bá rí. Láàárọ̀ òní, wọ́n kí i láti ẹ̀yìn, ó sì dáhùn. Ẹni tó jókòó sórí àga yẹn láàárọ̀ òní ní etí.

*

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó padà dé ilé Alága. Wọ́n ti to bẹ́ǹṣì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àwọn bàbá náà sì kọ ẹ̀yìn sí géètì. Ojúmitó dúró lẹ́nu géètì, ó pariwo.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá."

Orí kankan kò yí. Ní ìparí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ kan gbéra sókè.

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi," Bàbá Onífèrè dáhùn.

Ọwọ́ náà wá dúró lókè bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé, bàbá," Ojúmitó wí.

Nínú yàrá, níwájú ìyàwó Alága, bàbá náà kò jà, kò sì purọ́ mọ́. "Mo wọ ẹ̀wù rẹ̀, mo dé fìlà rẹ̀," ó wí. "Mo kọ ẹ̀yìn sí títì, kí àwọn tó ń kọjá lè sọ pé àwọn rí i láàárọ̀ òní. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n jókòó, kí n má sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ yẹn wá kí mi. Ènìyàn á kí mi, kí n wá máa wò ó? Ẹnu mi ti ṣí kí n tó rántí ẹni tí mo jẹ́."

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́," ìyàwó Alága wí. "Ọsibítù ni mo wà lánàá, lẹ́nu ẹ̀rọ. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti kú sórí àga. Mo rò pé ó sùn ni, mo tiẹ̀ yí lọ síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi. A jọ ń ka ọjọ́ de òfin yẹn ni, ọmọ mi. Mo rò pé tí mo bá sunkún lánàá, èmi náà á tẹ̀lé e láìpẹ́. Mo gbé ẹkún mì. Mo sùn tì í di òwúrọ̀."

Ojúmitó yọ bírò. Ó ti mọ ohun tó yẹ kó kọ, ó sì ti ń mọ̀ ọ́n lára pé òun kò ní kọ ọ́. Àárọ̀ òní ló fẹ́ kọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Aránṣọ á jẹ́rìí sí i tọkàntọkàn. Dókítà náà á fọwọ́ sí i, ó ti rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń wo àwọn bọ́tìnnì yẹn. Ó na ọwọ́ gbé báàgì rẹ̀ sórí itan láti mú ìwé jáde, ike inú rẹ̀ sì mì.

Ṣẹ̀kẹ̀.

"Oògùn rẹ̀ nìyẹn," ìyàwó Alága wí. Ó ti na ọwọ́.

"Mà, ẹ fi sílẹ̀."

"Gbé e fún mi. Ohun tó kẹ́yìn tí ọkọ mi lò ni."

Kò sí bó ṣe lè kọ̀ fún un. Obìnrin náà ṣí ike, ó wo inú rẹ̀, ó wá dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Ó mú ọ̀kan, ó yí i wò, ó mú òmíràn.

"Èyí ti ẹ̀wù aláwọ̀ omi aró rẹ̀," ó wí. "Èyí ti èyí tó wọ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀. Mo bá a jà, ìwọ ọmọ yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a jà pé kí ló ń ṣe tí bọ́tìnnì fi ń já lára rẹ̀ bíi ti ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀rín ló máa ń rín. Mo ní tó bá di ọjọ́ kan, màá fi pínnì há a lára." Ó pa ọwọ́ dé. "Kò rí oògùn rà. Owó wo ló kù tó fẹ́ fi rà á? Etí rẹ̀ kò gbọ́ ìró yìí. Èmi ló ń mì ín fún."

Ìgbà náà ló bú sẹ́kún, ẹkún tó ti gbé mì láti àná, tó pariwo débi pé àwọn adití ọgbà rí i lójú fèrèsé, wọ́n sì dìde. Ojúmitó, tó ti rí òkú lóríṣiríṣi, kò mọ ibi tó fẹ́ wò.

Nígbà tó yá, obìnrin náà nu ojú. "Kọ ọ́ pé àná ló kú."

"Mà, bí mo bá kọ àná, káàdì parí lópin oṣù. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ìyàwó Alága, ẹ jọ̀ọ́," Bàbá Onífèrè bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má fi ìbànújẹ́ pa ara yín. Torí yín ló ṣe já bọ́tìnnì."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn." Ó kọjú sí Ojúmitó. "Tí o bá kọ òní, wọ́n á ní òfin bá a láyé. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn pé bàbá yìí jà, ó ṣẹ́gun, ó sinmi. Òfin kò bá a láyé. Bọ́tìnnì ló bá a láyé. Àwọn tó jókòó síta yẹn, ṣé o mọ ohun tó wà nínú ike tiwọn? Ta ló máa béèrè, tí ọkọ mi bá kú lónìí?"

Ojúmitó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: àná.

*

Ọ̀gá àgọ́ pariwo lé e lórí. Ó fẹ́ mọ ẹ̀sùn tí wọ́n máa kà sí Bàbá Onífèrè lẹ́sẹ̀.

"Wọ́n kí i, sà," Ojúmitó wí, "ó dáhùn."

Ọ̀gá wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì ti fáìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyàwó Alága fúnra rẹ̀ gbé ike náà dé iwájú àwọn aṣòfin. Ó mì ín lẹ́nu makirofóònù, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún òun. Wọ́n ní oògùn ni. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó wá ṣí i, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́. Àwọn ahunṣọ jókòó sẹ́yìn, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá Onífèrè ló ń fi ètè sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò kó sọ ọ́ parí. Ọ̀kan tẹ́ ọwọ́ bo àpò ẹ̀wù rẹ̀ níbi tí ike tirẹ̀ wà.

Ó ku díẹ̀ kí káàdì kú nígbà tí Ojúmitó wọ yàrá ẹ̀rọ ní ọsibítù láti sọ fún ìyàwó Alága pé wọ́n ti pa gbólóhùn ìdí òfin yẹn rẹ́. Ẹni tó bá kú nígbà tó ń dúró de òfin, òfin ti kàn án; opó rẹ̀ á máa gba ìtọ́jú lọ.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?" obìnrin náà béèrè.

"Wọ́n kọ ọ́, mà. Mo fojú mi rí i."

Ó mi orí. Inú rẹ̀ kò dùn, ó sì jẹ́ kó hàn. Ẹ̀wù aláwọ̀ omi aró wà lórí itan rẹ̀, ike náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ṣófo díẹ̀. Bàbá Onífèrè ló fẹ́ fún ní ẹ̀wù náà, ó ní ó ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá a mu. Okùn ẹ̀rọ wà lápá rẹ̀ òsì, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ráyè lò, abẹ́rẹ́ ìránṣọ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bá mi di ẹ̀wù yìí mú, ọmọ mi," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló kù."

Ojúmitó fa àga sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ ẹ̀wù náà mú níbi tí pínnì ti lu ihò sí, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán bọ́tìnnì padà sí àyè rẹ̀.